Bí ẹ bá dé Àjàṣẹ́: ibi tí ẹ ó ti jẹun àti aago tí ẹ ó débẹ̀

Ní ọdún tó kọjá, àwọn àna wa wá láti Abẹ́òkúta nítorí ètò mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n gba Ìdíròkò wọlé, wọ́n sun Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, mọ́jú, a sì ṣe gbogbo ètò tán ní ìrọ̀rùn. Bí wọ́n ṣe fẹ́ máa lọ, mo bi bàbá àgbà tó ṣáájú wọn pé, "Bàbá, oúnjẹ ìlú wa ńkọ́?" Bàbá wo ilẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá Ràfíù, a dúpẹ́." Ìdúpẹ́ yẹn kò dénú. Ìgbà tí mo wádìí lẹ́nu àwọn obìnrin inú wọn ni mo gbọ́ pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n wọ̀lú ní ọjọ́ tó ṣáájú, a kò tíì mọ̀ pé wọ́n ti dé. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n sì yà sí ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá títì tó ní pátákó aláràbarà. Òkú-èkó tí wọ́n tún gbé kaná ni wọ́n bù fún wọn, pẹ̀lú ìrẹsì tó ti gan. Ẹja inú yìnyín, nínú ìlú tó jókòó sétí ọ̀sà! Ó dùn mí bí ẹni pé èmi ni mo sè é.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ eléyìí nìyẹn. Aṣọ ni mò ń tà nínú ọjà ńlá Àjàṣẹ́, kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tí a kọ́ ní àrà ilé àwọn Agùdà, ìyẹn ọmọ àwọn tó ti Bùràsíìlì padà dé; mọ́ṣáláṣí náà ni àlejò máa ń rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó ti di ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Tokpota ni ilé mi wà, n kò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀ lọ dáná lọ́sàn-án kí n tún padà, nítorí náà ìta ni mo ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán mi láti ìgbà tí mo ti gbé àpótí aṣọ kalẹ̀. Ìyá tó bí mi náà ta ẹ̀kọ ní Wàńdó títí agbára fi kúrò lápá wọn. Mo mọ iwájú ìkòkò, mo mọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ohun kan ni kí ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ: ní Àjàṣẹ́, aago ni a fi ń wá oúnjẹ. Oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí tó ń jáde àti wákàtí tó ń tán, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n sè jù kò ní pátákó kankan. Ẹni tó bá dé lásìkò, ohun tí ìlú ń jẹ ni yóò jẹ. Ẹni tó bá pẹ́, èyí tó ṣẹ́ kù ni yóò bá, yóò sì padà lọ sọ fún ará ilé rẹ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ kò mọ oúnjẹ sè.

Kí ẹ tó jókòó

Náírà yín, ẹnubodè ni kí ẹ ti pa á dà sí sẹ́fà. Kí ẹ sì wá ẹyọ owó sápò: 25, 50, 100, 200. Ẹni tó bá na 10.000 sí ìyá tó ń ta kókó láago méje àárọ̀ ti da ọjà rú fún un, torí kò tíì pa iye tó máa fi ṣẹ́ ẹ.

Èdè kò ní yọ yín lẹ́nu. Gùn ló gbòde, Faransé ni wọ́n ń sọ ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n Yorùbá wà nínú ìlú yìí láti ìpilẹ̀. Àkọ́rọ̀, níbi tí ìtàn tiwa sọ pé àwọn ọdẹ mẹ́ta láti ilẹ̀ Yorùbá kọ́kọ́ tẹ̀dó sí, ṣì wà láàárín ìlú. Ẹ sá ti kí ènìyàn kí ẹ tó béèrè ohun tó wà nínú ìkòkò. Ẹni tó bá dé tó ní "kí lẹ ní?" láìkí, wọ́n á dá a lóhùn, ṣùgbọ́n wọn kò ní sọ fún un pé àrọ̀ tútù wà nísàlẹ̀.

Àwọn orúkọ kan wà tó máa ń da àlejò láàmú. Tí ẹ bá gbọ́ "ọkà" níbí, ẹ má retí èlùbọ́: ìyẹ̀fun àgbàdo ni a fi ń rò ó, ó funfun, "pâte" ni ti Faransé. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń pè ní àkásà. Ti ibí rọ̀ ju ti Ẹ̀gbá lọ, ó sì máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu. Irú ni àfítìn. Ewédú ni àwa ń pè ní ọ̀ọ́yọ́, àwọn tó ń sọ Faransé á ní "crincrin". Èyí tó burú jù ni "àtà". Àkàrà ni àtà lẹ́nu Gùn. Mo ti rí ọmọ Èkó kan tó ní kí wọ́n má fi ata sí òun nínú ẹ̀kọ mímu, ìyá náà sì kó gbogbo àkàrà kúrò níwájú rẹ̀, ọmọ náà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Òwúrọ̀

Àkàrà ń jáde lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Láti aago mẹ́fà àbọ̀ títí dé mẹ́jọ, ẹ ó rí àwọn obìnrin pẹ̀lú agbada epo ní ojú ọ̀nà Atakẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ ọjà ńlá, àti ní oríta Wàńdó. Ẹ dúró níbi tí àwọn ọmọ iléèwé bá pọ̀ sí. Owó ọmọdé kò pọ̀, kì í ná an síbi tí kò dùn. Ẹ wo epo náà pẹ̀lú: tó bá ti dúdú láàárọ̀ kùtù, ti àná ni. Kókó, ìyẹn ẹ̀kọ gbígbóná, ni a fi ń mu ún. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn yovo doko, ìyẹn púfúpúfù tiwa. Tí aago mẹ́sàn-án bá lù, ọ̀pọ̀ wọn ti ń fọ agbada.

Àtásì náà wà láàárọ̀, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀, tí a da ata díndín lé lórí pẹ̀lú ẹja tàbí ẹyin. Ó dùn, mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n n kì í jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ jẹ oúnjẹ ọ̀sán dáadáa. Inú ẹni tó bá jẹ àtásì láago mẹ́jọ kò ní ṣí sílẹ̀ kó tó di aago mẹ́ta, nígbà yẹn ẹja ọ̀sán ti tán. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní nílùú, ẹ mu kókó, ẹ jẹ àkàrà mẹ́ta mẹ́rin, kí ẹ lọ wo ààfin Honmè tí Ọba Tòfá gbé, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ nínú.

Ọ̀sán

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà.

Aago mọ́kànlá àbọ̀ ni ìyá ọlọ́kà mi máa ń ṣí ìdérí ìkòkò. Ibùjókòó méjì, tábìlì gígùn kan, páànù mẹ́rin lókè orí, ìyẹn ni gbogbo ilé oúnjẹ náà. N kò ní sọ ibi tó wà gan-an nítorí ìkòkò rẹ̀ kò pọ̀ tó gbogbo yín, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ wà káàkiri inú ọjà, lẹ́yìn àwọn ìsọ̀ aláṣọ, àti ní ìdí àwọn ibùdókọ̀. Bí ẹ ṣe máa dá èyí tó dára mọ̀ ni mo fẹ́ kọ́ yín.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó jókòó. Tí ẹ bá rí àwọn ọlọ́kadà, tí à ń pè ní sémì níbí, àwọn aláàárù, àti obìnrin ọjà kan tó so gèlè rẹ̀ dáadáa tó sì ń jẹun pẹ̀lú ìsinmi, ẹ jókòó tì wọ́n. Àwọn sémì ń yí ìlú po láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n mọ ìkòkò gbogbo. Obìnrin ọjà náà mọ iye ẹja ní àárọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó lè tan án jẹ.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó béèrè ọ̀rọ̀ ẹja. Ọ̀sà wa ṣí sí adágún Nokoué lápá ìwọ̀-oòrùn, nípasẹ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Totchè, ó sì na ọwọ́ sí apá Àgbádárìgì. Láàárín ọ̀sà àti adágún yẹn ni àwọn ará Aguégués ń gbé, nínú ilé orí igi lójú omi. Ẹja ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n máa ń gún ẹ̀ka igi sínú omi bí ọgbà, àkàjà ni wọ́n ń pè é, ẹja á wọ inú rẹ̀ lọ fara pamọ́, á jẹ ohun tó hù lára igi, á sanra, wọ́n á wá fi àwọ̀n yí i ká. Ní òwúrọ̀ àwọn obìnrin wọn á wa ọkọ̀ wá sí èbúté wa pẹ̀lú agbọ̀n ẹja tó ṣì ń mí. Ibẹ̀ ni ìyá ọlọ́kà mi ti ń rajà. Tí ó bá sùn jù, àwọn mìíràn á ti kó èyí tó dára lọ, a ó sì mọ̀ ọ́n lójú ọbẹ̀.

Ẹja kan náà kọ́ ló máa ń wà lọ́dọọdún yíká o. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti bí oṣù kejìlá lọ, omi odò máa ń fà, omi òkun á gba Kútọnu wọlé, omi ọ̀sà á gba iyọ̀. Ìgbà yẹn ni akàn àti edé máa ń pọ̀ tí wọ́n sì ń dùn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu ẹja fún yín kí ẹ tó béèrè akàn. Tó bá di oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, odò Wémè á kún láti òkè wá, omi á pupa, iyọ̀ á lọ, àkókò ẹja omi dídùn nìyẹn, àrọ̀ ni kí ẹ wá. Ẹpìyà ní tirẹ̀ gba omi iyọ̀, ó gba omi dídùn, òun ni ẹ ó máa rí nígbà gbogbo. Ọ̀bọ̀kún ni mo fẹ́ràn jù ní tèmi, ẹran ara rẹ̀ rọ̀, egungun rẹ̀ kò sì yọ ènìyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tán. Tí ẹ bá rí i, ẹ má ná an.

Bí a ṣe ń dá ẹja ọ̀sà mọ̀ yàtọ̀ sí ti yìnyín nínú ìkòkò: tó bá jẹ́ díndín, ẹ wo ìrù rẹ̀. Ẹja tí a dín ní tútù máa ń ká, awọ rẹ̀ á sì bẹ́ lójú ibi tí ọ̀bẹ ti kọ ọ́. Èyí tó ti sùn nínú yìnyín fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ máa ń na gbọnrangandan, ẹran rẹ̀ á sì gbẹ bí òwú. Tó bá jẹ́ inú ọbẹ̀ ló wà, ẹ fi ṣíbí kan án: ti ọ̀sà á bọ́ kúrò lára egungun ní ìlà-ìlà, ti yìnyín á fọ́ sínú ọbẹ̀. Tí ojú bá ń tì yín láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ béèrè ní gbangba pé, "Ìyá, ti ọ̀sà ni àbí ti yìnyín?" Kò ní purọ́ níwájú àwọn oníbàárà tó wà níbi tó ti rà á. Òkú-èkó kì í ṣe ohun burúkú, mo ti fi tọ́ ọmọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí wọ́n tà á fún àlejò ní iye ọ̀bọ̀kún.

Owó ni a fi ń pín oúnjẹ níbí, a kì í sọ pé àwo kan. Ẹ ó sọ iye ọkà, ẹ ó sọ iye ẹja, ọbẹ̀ á tẹ̀lé e. Báyìí ni èmi àti ìyá ọlọ́kà mi ṣe máa ń sọ ọ́:

"Ẹ kú ìdúró o, ìyá."

"Ẹ kú ọjà, Ìyá Ràfíù. Àrọ̀ wà, ẹpìyà wà. Akàn ti fẹ́ tán."

"Ẹ bá mi gé ọkà 200, kí ẹ fi ọ̀ọ́yọ́ sí i. Kí ni ti àrọ̀ yẹn?"

"Èyí 700, èyí 500. Orí ni ti 500."

"Orí ni mo fẹ́."

Iye náà máa ń yí bí ọjà bá ṣe rí, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kì í yí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀. Ẹ lè tún gé ọkà 100 nígbàkigbà, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ẹ ṣọ́ra fún ata tútù tí wọ́n gún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọ̀ ewé rẹ̀ kò jọ ohun tó ń jó, ó sì ń jó. Wọn á gbé omi àti ọṣẹ wá kí ẹ tó jẹun. Ẹ fọwọ́ jẹ ẹ́, torí ọkà kì í bá ṣíbí rẹ́.

Tí ẹ bá rí àmìwọ̀, ẹ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán. "Àmì" ni epo lẹ́nu wọn, "wọ̀" ni ọkà. Wọ́n á din tòmátì, àlùbọ́sà àti ata, wọ́n á da omi adìyẹ lé e, wọ́n á wá fi ìyẹ̀fun àgbàdo rò ó sínú rẹ̀ títí yóò fi pọ́n. Adìyẹ díndín ni ẹnikejì rẹ̀. Oúnjẹ ayẹyẹ ni, nítorí náà ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìnáwó ni ẹ ó máa rí èyí tó dára jù. Dàkúìn náà wà, gààrí tí a rò sínú omi ẹja. Àwọn ará etí omi ló ni ín, ó sì yẹ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, torí kò le lẹ́nu.

Iyán ńkọ́? Àwọn èèyàn wa láti Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ ló mú un sọ̀kalẹ̀ wá. Ìró odó ni ẹ ó tẹ̀lé. Tí ẹ kò bá gbọ́ ìró odó kí aago kan tó lù, tí wọ́n sì sọ pé iyán wà, ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n gún un. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ni wọ́n máa ń fi jẹ ẹ́, pẹ̀lú wàgásì, ìyẹn wàrà àwọn Fúlàní tí awọ rẹ̀ pupa nítorí ewé ọkà bàbà tí wọ́n fi sè é. Iṣu tuntun ń wọ̀lú láti oṣù kẹjọ. Savalou ń ṣe ọdún iṣu tirẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù náà, lẹ́yìn ìyẹn ni iyán tó fẹ́lẹ́ tó sì fà ń dé ọ̀dọ̀ wa.

Tí ẹ bá kó àgbàlagbà tàbí ọmọ kékeré lọ́wọ́

Gbogbo ènìyàn kọ́ ló lè jókòó sórí pákó lábẹ́ páànù. Fún ìyá arúgbó tí eékún ń dùn, tàbí aboyún tó fẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, Songhaï ni mo máa ń rán yín lọ, ní Wàńdó. Àlùfáà Kátólíìkì kan, Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, ló dá a sílẹ̀ ní 1985. Oko ni, iléèwé àgbẹ̀ sì ni. Wọ́n ń sin ẹja, wọ́n ń sin adìyẹ, wọ́n ń gbin ewébẹ̀, ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n ń sọ di gáàsì, ohun tí wọ́n bá sì kórè ni wọ́n ń sè nínú ilé oúnjẹ wọn. Àga tó ní ẹ̀yìn wà, àwo wà, omi èso wà nínú ìgò. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn wo oko náà kí ẹ tó jẹun, àwọn ọmọ á gbádùn rẹ̀. Ata wọn kò tó lẹ́nu tèmi, ṣùgbọ́n mo fi ọkàn balẹ̀ jẹ ohun tí mo rí ibi tó ti hù.

Ìrọ̀lẹ́

Láàárín aago mẹ́ta sí mẹ́fà, ẹ má wá oúnjẹ gidi. Wákàtí òfo ni, ibẹ̀ ni àwọn àna mi ti ṣubú. Tí ebi bá pa yín nígbà náà, ẹ ra dòdò, tàbí àgbàdo sísun, tàbí ọ̀pẹ òyìnbó tí wọ́n ti bó, kí ẹ sì fi sùúrù dúró.

Tí oòrùn bá ń rọ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí apá ọ̀sà. Afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ láti orí omi wá, àwọn ọkọ̀ ń padà, èéfín yíyan á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹja yíyan pẹ̀lú mónyò ni oúnjẹ àkókò yìí. Tòmátì, àlùbọ́sà àti ata tútù ni wọ́n rẹ́, wọ́n á fi epo díẹ̀ àti iyọ̀ sí i, wọ́n á dà á sórí ẹja náà. Lọ́wọ́ àwọn Agùdà ni a ti kọ́ ọ. Ẹ̀kọ tútù ni kí ẹ fi jẹ ẹ́. Ẹ yan ẹja fúnra yín kí ó tó dé orí iná, ẹ wo ojú rẹ̀ pé ó mọ́ gaara, ẹ ṣí ìjàgbọ̀n rẹ̀ wò pé ó pọ́n, kí ẹ sì dá iye kí wọ́n tó gbé e lé iná. Lẹ́yìn tó bá ti jiná, ẹnu yín kò ní ká a mọ́. Yíyan rẹ̀ ń gba àkókò, kò ní yá bí ẹ ṣe rò. Ẹ mú aṣọ tó bo ẹsẹ̀ dání nítorí ẹ̀fọn.

Ẹni tó bá ní ọjọ́ kejì, mo rọ̀ ọ́ pé kó wọ ọkọ̀ lọ sí Aguégués láàárọ̀. Ẹ dá iye àlọ àti àbọ̀ pọ̀ kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀ sínú ọkọ̀, ẹ dé fìlà, ẹ gbé omi dání. Obìnrin ń tajà láti inú ọkọ̀ sí inú ọkọ̀ níbẹ̀. Mo jẹ ẹpìyà díndín níbẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí mo tẹ̀lé oníbàárà mi kan lọ kí ọmọ tuntun rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fa àwọ̀n, ìyá ọkọ rẹ̀ fọ ẹja, epo ti ń gbóná. Láti omi dé ẹnu mi, kò tó ìdajì wákàtí. N kò tíì rí irú rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Oúnjẹ tí owó nìkan kò lè rà

Àwọn ará Èkó mọ fùréjọ̀nù, ẹ̀wà olómi àgbọn tí wọ́n ń jẹ nígbà Ọjọ́ Ẹtì Rere. Àwọn Agùdà tiwa ní ẹ̀wà tiwọn tí wọ́n ń fi ẹran oríṣiríṣi sè, feijoada ni wọ́n ń pè é. Àwọn Agùdà Àjàṣẹ́ máa ń ṣe ọdún Bonfim ní oṣù kìíní: ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ́de pẹ̀lú ìlù, eégún Burian tó ń jó láàárín ìgboro, lẹ́yìn náà oúnjẹ ìdílé. Kò sí ìyá kankan tó ń tà á lójoojúmọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Tí ẹ bá mọ ọmọ Agùdà kan, ẹ ṣe é ní ọ̀rẹ́ láti oṣù kejìlá. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mejì, torí èmi ni mo ta aṣọ ẹbí fún wọn, wọ́n sì ya ìkòkò tí kò ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwa Mùsùlùmí láìjẹ́ pé a béèrè. N kò gbàgbé ìyẹn.

Ní ti ẹlẹ́dẹ̀, àwọn tó ń jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ dé Àjàrà, kò jìnnà, sémì tàbí ọkọ̀ èrò á gbé yín débẹ̀. Èmi kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kan tèmi, ọmọ ìjọ Kérúbù, kì í pa ọjọ́ ọjà Àjàrà jẹ. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ọjà náà ń ná, ọ̀rún ni nínú ìṣírò àwọn baba wa. Ó ní kí n sọ fún yín pé yíyan ni kí ẹ rà, kí ẹ dúró títí wọ́n á fi gé e níwájú yín, kí ẹ sì fi ẹ̀kọ àti ata tútù jẹ ẹ́. Ìlù ni ohun mìíràn tí a mọ Àjàrà fún, ẹ lè rà á bọ̀. Sodabi, ògógóró tiwa, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá máa wa ọkọ̀ padà kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

Nígbà Ràmàdáánì, àwọn ìyá ọlọ́kà tó jẹ́ Mùsùlùmí kì í gbé ìkòkò jáde lọ́sàn-án, nítorí náà ẹ yí aago yín padà: kí ẹ dé ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí nígbà ìṣínu, kókó, àkàrà, ẹja díndín, gbogbo rẹ̀ á ti wà nílẹ̀.

Àwọn àna wa tún padà wá ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, fún ìgbéyàwó. Lọ́tẹ̀ yìí mo fóònù sí wọn láti àárọ̀ pé kí wọ́n má jẹ ohunkóhun lọ́nà. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo kó wọn dé ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́kà mi. Oṣù kìíní ni, akàn wà. Bàbá àgbà fọ́ ọ̀kan, wọ́n fa ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, wọ́n fọ́ èkejì. Wọn kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi fọwọ́. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ìyá Ràfíù, èyí wà níbí lọ́jọ́ náà?" Mo ní ó wà, Bàbá, aago ló kọjá. Wọ́n dìde lọ kí ìyá náà fúnra wọn, wọ́n sì ní kí ó di ogún ẹ̀kọ fún àwọn láti gbé lọ sílé.

Tí ẹ̀yin náà bá fẹ́ gbé ẹ̀kọ lọ, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ wọkọ̀ gan-an ni kí ẹ rà á. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ewé rẹ̀, ẹ kó o sínú agbọ̀n tàbí báàgì aṣọ. Ọ̀rá á mú un làágùn, á sì kan kí ẹ tó kọjá Igolo ní ẹnubodè. Tí ẹ bá délé, ẹ tẹ́ ẹ síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, yóò dúró títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì.